Ọ̀pá Tí Kò Kanlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tó ń jáde nílé ìwé lásìkò yìí, tí ẹ ń tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n lè fi yín ṣe akọ̀wé, mi ò bá yín jà. Iṣẹ́ akọ̀wé dára. Àga wà níbẹ̀, òrùlé wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí kì í mì sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin àbúrò mi kan wá kí mi, ó ní iṣẹ́ tí ẹ̀rù ò ní í máa ba òun lòun ń wá. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ta ló ń ṣe é? Ìdí tí mo fi mú gègé nìyí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi wà lórí ọ̀sà Badagry, ẹ̀rù sì ń bà mí ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọdún náà. Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré o.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi, ará Aradagun, kú nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, owó ilé ìwé sì bá a lọ. Ìyá mi, tó jẹ́ Gun láti Kankon, fà mí lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gá Hunsu, ọlọ́kọ̀ tó ń kó èrò àti ẹrù láti etí omi tiwa lọ sí èbúté Badagry lọ́jọ́ ọjà Agbalata. Ọ̀gá wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní, "Ọwọ́ akọ̀wé. A máa tún un ṣe." Ó parí. Ní ti owó, mo jẹun, mo fẹ́yàwó, mo bí ọmọ mẹ́rin, mo sì san owó orí ìjọba láìsá wọgbó. Ẹ má béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ wa gùn, ó ń gba èrò bí ogún pẹ̀lú agbọ̀n wọn. Èèyàn méjì ló ń darí rẹ̀. Ọ̀gá á dúró ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ ńlá, òun ló ń yí ọkọ̀ síbí sọ́hùn-ún. Ẹnì kejì á wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, á máa tì í bọ omi títí yóò fi kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀, á sì máa fi ti ọkọ̀ lọ. Wọ́n ti fi irin gbígbóná sun àmì márùn-ún sára ọ̀pá náà: kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí, àyà, ọrùn. Gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá kanlẹ̀ ni ẹni iwájú gbọ́dọ̀ kígbe ibi tí omi dé, nítorí ọ̀gá tó wà lẹ́yìn kò lè rí iwájú kọjá orí èrò àti ẹrù. "Ìbàdí! Ìbàdí! Àyà!" Bí ọ̀pá kò bá kanlẹ̀ rárá, igbe ibẹ̀ ni "Kò nílẹ̀!" Ìyẹn la ń pè ní pípe omi.

Àwọn èrò náà ń fetí sí i. Àṣà kan wà lórí ọ̀sà wa nígbà náà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀. Bí ìgbì bá da omi sínú ọkọ̀, tí èrò sì gbọ́ "ìbàdí" tàbí "orúnkún", àwọn tó lágbára nínú wọn á bọ́ sínú omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Wọ́n á di etí ọkọ̀ mú, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí a ó fi gbọ́n omi inú rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ń wo omi kó tó bọ́ sílẹ̀. Omi dúdú, kí lo fẹ́ rí níbẹ̀? Ohun tí ẹni iwájú bá pè ni wọ́n ń gbà gbọ́.

Ọ̀gá Hunsu kì í rẹ́rìn-ín lórí omi. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀pá, omi ni mò ń gbọ́n. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, èbúté ni mò ń wọ̀n láàárọ̀ kùtù, tí màá máa pe omi fún ara mi bíi wèrè. Bó bá gbọ́ pé ohùn mi lọ sílẹ̀, á ju ìkarahun àgbọn lù mí. Kì í tàsé, àpá kan ṣì wà lẹ́yìn etí mi.

Lọ́jọ́ kan ní ọdún kejì, ó ti rẹ̀ mí. Mo mọ ibi tí a wà, mo kígbe "Orúnkún!" láìti ọ̀pá bọ omi. Ọ̀gá gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ó gba àárín èrò kọjá wá síwájú bí ẹni tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ kan, ó sì tì mí sínú omi. Omi dé ọrùn mi. Àwọn ìyá ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gun ọkọ̀ padà, ó gbá mi létí.

"Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Àwọn èrò ni, Ọ̀gá."

"Wọ́n ní ojú?"

"Wọ́n ní ojú, Ọ̀gá."

"Wọn ò ní. Ẹnu rẹ ni ojú wọn. Bí ọ̀pá ò bá kanlẹ̀, má pè é. Bí o ò bá mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Mawu ń gbọ́ mi o, bí o bá tún purọ́ omi nínú ọkọ̀ mi, ilé ìyá rẹ lo máa sùn."

Mawu ni àwọn Gun ń pe Ọlọ́run. Ọ̀gá kì í fi orúkọ yẹn ṣeré. Ẹyin ni ohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi. Mo gbọ́ ọ, mo lóye rẹ̀, mo sì tún purọ́ omi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ìyẹn ni mo jókòó kọ yìí, ìyókù kàn ń mú wa lọ síbẹ̀ ni.

Ní ọdún kẹta ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orí omi ló ti kọ́kọ́ mú mi. Ọ̀sán gangan ni, mo jókòó lábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìn ilé, mò ń jẹ ẹ̀kọ àti ẹja yíyan. Kò sí ìjì, kò sí ìjà, kò sẹ́ni tó kú. Ṣàdédé ni àyà mi já, bí ìgbà tí èèyàn gbẹ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tí kò bá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Èémí mi ò dé ìsàlẹ̀ mọ́, ìka ọwọ́ mi kú tipiri, òógùn tútù bò mí. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé mo ń kú lọ báyìí, ẹ̀kọ sì wà lẹ́nu mi. Kò pẹ́ tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹun tán tó fi lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè dìde títí ìrọ̀lẹ́.

Ó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà ó ń wá nígbà tó bá wù ú. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn á dákẹ́ fún oṣù méjì kí n lè rò pé ó ti tán. Mi ò bẹ̀rù omi, mi ò bẹ̀rù afẹ́fẹ́. Ìpayà náà fúnra rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè tó ti mọ ọ̀nà ilé.

Ìyá mi ṣe ohun tí ìyá ń ṣe. Ó se àgbo fún mi mu. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti gbàdúrà lé mi lórí fún ọjọ́ méje. Ó mú mi lọ bá ọkùnrin kan tó ń pín oògùn òyìnbó, ìyẹn fetí sí mi láyà, ó ní ọkàn mi lágbára ju ti òun lọ, pé kí n dín ẹran jíjẹ kù. Ẹran wo? Ta ló fún mi lẹ́ran?

Ní ti Ọ̀gá, mi ò sọ fún un. Ó ti lé ẹnì kan ṣáájú mi nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n nígbà tí afẹ́fẹ́ líle dé. Mo gbọ́ ohun tó wí lọ́jọ́ náà: "Ojo ò gbọdọ̀ dúró níwájú ọkọ̀ mi." Èmi náà gbà pé ojo ni mí, pé bó bá mọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ìyá mi ò sì ní ibòmíràn tó máa fà mí lọ. Bí nǹkan náà bá dé sí mi lórí omi, mo máa ń feyín di ètè mú, mo sì ń pe omi kíkankíkan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé pípe omi ń ràn mí lọ́wọ́. Bí ọ̀pá bá kanlẹ̀ tí mo sì gbọ́ ohùn ara mi, àyà mi á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fura. Mo wá rò pé mo gbọ́n.

Obìnrin kan wà láàárín èrò wa tí gbogbo ọ̀sà mọ̀ sí Ìyá Sẹnami. Àgbọn àti òróró àgbọn ló ń tà ní Agbalata. Sẹnami ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méjìlá, ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí mo bá ń pe omi, á máa sín mi jẹ pẹ̀lú ohùn èmi gan-an, gbogbo ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín. Bí omi bá wọ ọkọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè yìn ín. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́ ọjà ni, à ń bọ̀ láti Badagry lọ́sàn-án, ẹrù sì kún. A ti ta ìgbòkun tí a fi àpò ìyẹ̀fun rán. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, afẹ́fẹ́ yí láti apá òkun, ó gbé wa kúrò lójú ọ̀nà wa díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sínú ọkọ̀. Ọ̀gá ń jà pẹ̀lú àjẹ̀ lẹ́yìn. Àkókò yẹn gan-an ni nǹkan náà mú mi.

Kò mú mi bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ mi méjèèjì kú mọ́ ọ̀pá, mi ò lè gbé e. Mo wólẹ̀ jókòó, ọ̀pá sì wà lórí itan mi. Mò ń fi ẹnu mí bí ẹja tó wà nínú agbọ̀n. Ọ̀gá kígbe láti ẹ̀yìn:

"Mautin! Omi ńkọ́?"

Ó yẹ kí n sọ pé mi ò mọ̀. Kò ju ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ojú tì mí. Mo rò pé mo mọ ibi tí a wà bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ìyá mi. Ìbàdí ni ibẹ̀ máa ń jẹ́. Mo ṣa èémí jọ, mo kígbe:

"Ìbàdí!"

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Sẹnami lẹ́yìn mi, ó ń gbé agbọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Sẹnami, bọ́ sílẹ̀, ìbàdí ni." Ọmọ náà fi ohùn mi kígbe "Ìbàdí!", ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin méjì bọ́ tẹ̀ lé e.

Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Sẹnami mọ ìwẹ̀, kò sí ọmọ etí ọ̀sà tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ará oko ni àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọn ò mọ ìwẹ̀, òun ló sì sún mọ́ wọn jù. Òun ni wọ́n dì mú. Ọ̀gá fò sínú omi, ó fa ọ̀kan yọ, ó tún fa èkejì yọ. Nígbà tó padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò rí ẹnì kankan. Èmi jókòó níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gbígbẹ lórí itan, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n rí òkú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì láàárín koríko etí omi.

Ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n ní omi ló pa á. Àwọn èrò ní iyanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà ló ṣí. Ó máa ń ṣí lóòótọ́. Nígbà tí Ọ̀gá bi mí bóyá ọ̀pá mi kanlẹ̀, èmi náà ní ó kanlẹ̀, pé iyanrìn ló ṣí. Irọ́ kejì nìyẹn, lórí òkú ọmọ.

Ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá jí mi láàárọ̀, àwa méjèèjì nìkan la wọ ọkọ̀. Ó tù ú dé ibẹ̀ gan-an, ó fi igi etí omi méjì ṣe àmì, ó ní, "Pè é." Mo ti ọ̀pá bọ omi. Ó lọ, ó lọ, omi dé àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Kò nílẹ̀, Ọ̀gá."

"Iyanrìn kì í ṣí báyìí láàárín ọjọ́ kan. Mo ti ń gba ibí kọjá kí wọ́n tó bí ẹ. Ọ̀pá rẹ kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìdí igi àgbọn. Mo ní ọwọ́ mi kú, èémí mi tán, mo rò pé mo ń kú.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi láti ọdún mẹ́ta?"

"Ẹ ti ní ojo ò gbọdọ̀ dúró níwájú ọkọ̀ yín."

Ọ̀gá Hunsu jókòó. Mi ò rí i kó jókòó lórí omi rí. Ó ní, "Ìyẹn wà lọ́rùn tèmi. Eléyìí tó kù wà lọ́rùn tìẹ. Lọ sọ fún ìyá ọmọ náà. Ìwọ ni o máa lọ. Mi ò ní tẹ̀ lé ẹ."

Mo lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, aṣọ Sẹnami wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò fi iyọ̀ sí i. Mo rò pé á lù mí, mo sì fẹ́ kó lù mí. Ó fa aṣọ náà sórí itan rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga.

"Èmi ni mo ní kó bọ́ sílẹ̀."

"Ohun tí mo pè lẹ gbọ́, mà."

"Èmi ni mo ní kó bọ́ sílẹ̀," ó tún un sọ. "Máa lọ, Mautin."

Ọdún kan gbáko ni mo fi gbọ́n omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀gá gba ẹlòmíràn síwájú. Èrò kì í bá mi sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn á gba ọkọ̀ mìíràn bí wọ́n bá ti rí mi. Nǹkan náà wá ń mú mi lójoojúmọ́. Àìmọye ìgbà ni mo wo omi tí mo rò pé ibi tí ọmọ náà lọ ló yẹ kí n lọ. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí ẹnì kan lè wà nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí tí irú rẹ̀ ń bá jà. Ohun tó dá mi dúró kò ju pé ìyá mi á máa jókòó dè mí níbi oúnjẹ alẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, lẹ́yìn ọdún náà, Ìyá Sẹnami sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Kò tíì wọ ọkọ̀ wa láti ọjọ́ náà. Gbogbo èèyàn sún fún un. Ó jókòó sí iwájú pátápátá, ó sì nàka sí mi.

"Hunsu, eléyìí ni kó pe omi."

Ọ̀gá ní, "Ìyá Sẹnami, rárá o."

"Mo ti wọ ọkọ̀ gbogbo àwọn tó kù. Bí wọ́n bá ti pe omi, àyà mi á máa já, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò ní lè mí. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Lórí gbogbo ọ̀sà yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó mọ ohun tí irọ́ omi jẹ́. Fún un lọ́pàá."

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí ti ń ṣe òun náà. Èmi ni mo kó o ràn án. Ọ̀gá gbé ọ̀pá fún mi, ó sì sọ̀rọ̀ sí mi létí ní Gun, "Ma dibu." Ó túmọ̀ sí pé má bẹ̀rù. Ó tún yí i padà, ó ní, "Rárá. Bẹ̀rù bó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá dé, sọ pé ó dé."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Bí nǹkan náà bá mú mi, mo máa ń kígbe "Ó dé!" bí mo ṣe ń kígbe "Ìbàdí!" Ọ̀gá á dá ọkọ̀ dúró, ẹnì kan nínú èrò á gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ẹlòmíràn á bu omi sí mi lórí, a ó dúró títí á fi lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ojú ń tì mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tó yá, ó di ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́. Ìyá arúgbó kan máa ń sọ pé, "Ẹ gbádìẹ yín mọ́ra o, àlejò Mautin ti dé." Kò tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mo sàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kankan ò kú mọ́ nínú ọkọ̀ tí mo bá wà níwájú rẹ̀. Ìyá Sẹnami sì jókòó lẹ́yìn mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Bí a bá ti kúrò ní èbúté, á ní, "Pe omi, Mautin. Má purọ́ fún mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bá mi ṣeré, kò fún mi ní àgbọn kan rí. Bí àwọn èèyàn bá sì fẹ́ fi orúkọ mìíràn pè é nítorí pé ọmọ ti kú, kì í dá wọn lóhùn.

Ọ̀gá Hunsu kú lórí ibùsùn rẹ̀. Mo bọ́ sí ìdí ọkọ̀, mo gba ẹni tó ń pe omi, mo sì le mọ́ ọn ju bí Ọ̀gá ṣe le mọ́ mi lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Ìyá Sẹnami bá wọ ọkọ̀, èmi fúnra mi ni mo ń lọ síwájú.

Lẹ́yìn ogun àwọn òyìnbó, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé. Ó yára, ó ní ìbòrí, èrò sá lọ bá a. Èmi náà lọ gbaṣẹ́ níbẹ̀, kí ni kí n ṣe? Iṣẹ́ mi ni kí n máa so okùn mọ́ èbúté, kí n sì máa tú u. Ẹnikẹ́ni kì í pe omi. Ẹ́ńjìnnì ń han gooro débi pé bí o bá pè é, ta ló máa gbọ́? Nǹkan náà fojú mi rí màbo. Mi ò ní ọ̀pá lọ́wọ́, mi ò ní ẹni tí màá sọ fún pé ó dé. Mo máa ń lọ dúró síwájú, màá máa sọ ọ́ lábẹ́ ètè, "Àyà, àyà, ọrùn." Awakọ̀ ní orí mi ti dàrú. Mo fara dà á fún oṣù díẹ̀, mo sì padà sí ọkọ̀ tí mò ń fi ọ̀pá tì pẹ̀lú èrò mẹ́fà, méje. Ìyá Sẹnami wà nínú wọn. Títí tí eékún rẹ̀ fi kọ̀ fún un láti wọ ọkọ̀ ló fi wà nínú wọn.

Wọ́n ní òyìnbó ń palẹ̀mọ́ báyìí, pé gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe máa bọ́ sọ́wọ́ yín. Ẹ ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní fún yín: ẹ má béèrè iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rù nínú lọ́wọ́ mi. Ẹ bi ọ̀gá tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá ẹ lè sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà yín. Bó bá ní rárá, ẹ gbé àpò yín.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò Ìyá Sẹnami obìnrin wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń kú lọ, ṣùgbọ́n kò sùn, kò sinmi, èmi ló ń béèrè. Mo mú ọ̀pá ìtilẹ̀ mi. Ìdí ọ̀pá ọkọ̀ àtijọ́ ni mo gé fi ṣe é, àmì kókósẹ̀ àti ti orúnkún ṣì wà lára rẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ó ti kéré. Èémí rẹ̀ ń sáré, ìka ọwọ́ rẹ̀ kú mọ́ra. Mo mọ ohun tí mò ń wò.

"Mautin, ó dé."

"Mo rí i, ìyá."

"Láti àná. Kò fẹ́ lọ. Pe omi fún mi."

Mo jókòó tì í, mo fi ọ̀pá kan ilẹ̀ yàrá. "Kókósẹ̀." Mo dúró kó mí. Mo tún kàn án. "Orúnkún." Ó mí. "Ìbàdí." Ojú rẹ̀ mì nígbà tí mo pe ìyẹn, ṣùgbọ́n ó mí. "Àyà. Àyà. Ọrùn." A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó wá la ojú, ó wò mí tààrà.

"Níbo la dé báyìí?"

Àbúrò rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Orúnkún, ìyá, èbúté rèé. Ẹnikẹ́ni ni ì bá sọ ọ́. Mo gbé ọ̀pá sókè, mi ò jẹ́ kó kanlẹ̀.

"Kò nílẹ̀, Ìyá Sẹnami."

Ó fi ìka kan ọ̀pá náà.

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí, mà."

"Ó ń ba èmi náà." Ó na ọwọ́, mo gbà á. "Ibẹ̀ ni Sẹnami wà. Jẹ́ kí n bọ́ sílẹ̀."

Ó di ọwọ́ mi mú bí èrò ṣe ń di etí ọkọ̀ mú, ó sì tú u sílẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.